Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ki Ààjà Wọ̀

Ẹni tí ó bá ti dúró lórí afárá rí, tí ó sì wo omi bí ó ti ń gba ẹsẹ̀ afárá náà kọjá, yóò ti ṣàkíyèsí pé omi kì í kàn pàdé lẹ́yìn òpó kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. A máa ká kò, a máa yí po. Ààjà kékeré kan a já kúrò ní apá ọ̀tún, òmíràn a já kúrò ní apá òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí ìgbà tí ọmọ ogun bá ń tẹsẹ̀. Ohun tí omi ń ṣe lẹ́yìn òpó afárá náà ni afẹ́fẹ́ ń ṣe lẹ́yìn ṣímínì ilé iṣẹ́, lẹ́yìn wáyà iná mànàmáná, àti lẹ́yìn ọkọ̀ tí ń sáré. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n epo àti owó ni ó ń jẹ, ìgbà mìíràn sì wà tí ó ń ba ilé jẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti ki ààjà wọ̀nyí wọ̀. Ní àìpẹ́ yìí ni wọ́n wá fi iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ tí ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìtàn náà kan olùkọ́ ju bí a ti lè rò lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ bí a ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì ni ó wà ní ìdí rẹ̀.

Ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Osborne Reynolds, ẹni tí a bí ní Belfast ní ọdún 1842, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Owens College láti ọdún 1868. Ìbéèrè tí ó ń dà á láàmú kò le létí: kí ni ó dé tí omi fi máa ń ṣàn jẹ́jẹ́ nígbà mìíràn, tí ó sì máa ń dàrú nígbà mìíràn, nínú ọ̀pá kan náà? Ó ṣe àpótí ńlá kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ó fi omi kún un, ó tẹ́ ọ̀pá gíláàsì gígùn kan sínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí omi máa gba inú ọ̀pá náà jáde. Ní ẹnu ọ̀pá yìí ni ó ti ń tú aró sí i díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ń lọ pẹ̀lẹ́, aró náà a fà tín-ín-rín bí òwú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá dé òpin rẹ̀, kò ní yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò ní yẹ̀ sósì. Bí Reynolds bá jẹ́ kí omi yára sí i, ìgbà kan a dé tí òwú aró náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Lójijì a sì fọ́n ká, gbogbo omi tí ó wà níwájú a gba àwọ̀ aró.

Ọdún 1883 ni ó tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Ó fi hàn pé kì í ṣe eré omi nìkan ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fi ìbú ọ̀pá sọ eré omi di púpọ̀, tí a sì fi bí omi náà ti ki tó pín in, nọ́ńbà kan ni yóò jáde. Nọ́ńbà yìí ni ó ń sọ bí ìṣàn náà yóò ti rí, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ epo, ìbáà jẹ́ afẹ́fẹ́. Orúkọ Reynolds ni a fi ń pè é títí di òní. Nínú ọ̀pá, bí nọ́ńbà náà kò bá tó nǹkan bí 2000, bí a ti wù kí a rú omi náà tó, yóò padà rọlẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfin méjì ni ó wà, ọ̀kan fún omi jẹ́jẹ́, ọ̀kan fún omi tí ó dàrú. Òfin kan náà ni. Navier ará Faransé ti kọ ọ́ ní ọdún 1822, Stokes sì tún un gbé kalẹ̀ ní ọdún 1845. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ti ìdúróṣinṣin. Bí a bá gbé ọmọ odó nàró sórí àtẹ́lẹwọ́, ìṣirò gbà pé ó lè dúró títí láé. Ṣùgbọ́n bí eṣinṣin bá bà lé e, ó bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣàn tí kò dúró ṣinṣin rí. Ìdàrú kékeré tí ojú kò lè rí a máa dàgbà, a sì máa bí òmíràn, títí tí yóò fi gba gbogbo odò.

Ludwig Prandtl, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi hàn pé a lè ṣe ju kí a máa wò ó lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1904, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29, ó dìde níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé ní Heidelberg, ó sì ka ìwé kan tí ó kúrú púpọ̀. Ó ṣàlàyé pé inú ìpele tín-ín-rín kan tí ó lẹ̀ mọ́ ara nǹkan tí omi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti ń wá. Omi tí ó wà nínú ìpele yìí ti fara gbo ara òpó títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dé ẹ̀yìn òpó, kò ní agbára mọ́ láti tẹ̀ lé e yípo. Ńṣe ni yóò já kúrò, ibi tí ó sì ti já ni ààjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Prandtl kò dúró lórí àlàyé nìkan. Ó ní ọpọ́n omi kan tí ó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn. Ó la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan òpó róbótó, ó sì ń fa ìpele tí ó ti rẹ̀ náà wọlé gba ihò yìí. Ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ń fà á, omi lẹ̀ mọ́ ara òpó títí dé ẹ̀yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ààjà ń yí bí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá baba iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ Prandtl ni kí ó lọ.

Göttingen ni Prandtl kó lọ ní ọdún náà, ibẹ̀ sì ni ìtàn kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Karl Hiemenz, gbé òpó róbótó sínú omi tí ń ṣàn, ó fẹ́ wọn bí omi ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ara. Omi kò gbà; ó ń gbọ̀n ṣáá. Wọ́n sọ fún un pé òpó rẹ̀ ni kò róbótó tó. Ó tún un gbẹ́, omi ń gbọ̀n. Wọ́n ní ọpọ́n omi rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ó tún un ṣe, omi ṣì ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Hángárì, Theodore von Kármán, wà níbẹ̀ nígbà náà. Láràárọ̀ ni ó ń bi Hiemenz bí omi bá ti dúró, ìdáhùn kan náà ni ó sì ń gbọ́. Nígbà tí ó pẹ́, Kármán bi ara rẹ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó jàre ńkọ́? Ó jókòó ṣírò. Ó rí i pé bí ààjà ọ̀tún àti ti òsì bá dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì, ìtò náà yóò túká. Ṣùgbọ́n bí ti ọ̀tún bá bọ́ sí agbede-méjì ti òsì, tí àlàfo wọn sì tọ́, wọn yóò tò lọ bẹ́ẹ̀ jìnnà. Ìtò yìí ni a ń pè ní òpópó ààjà Kármán. Henri Bénard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti rí irú rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1908, ṣùgbọ́n orúkọ Kármán ni ó mọ́ ọn lára. Hiemenz tí wọ́n ní kí ó lọ tún òpó rẹ̀ gbẹ́ ni ó rí òtítọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn òpó róbótó, nǹkan bí 47 ni nọ́ńbà Reynolds ń dé kí òpópó ààjà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà náà kéré púpọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ṣímínì tàbí òpó afárá tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí gbogbo ayé fetí sí ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin afẹ́fẹ́ ni afárá Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1940 ni wọ́n ṣí i. Okùn irin ni wọ́n fi gbé e kọ́, àárín rẹ̀ sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2800. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́wà, ó sì ń jó: bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, ojú ọ̀nà rẹ̀ a máa lọ sókè sódò bí ìgbì òkun, àwọn ènìyàn sì ń wá wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀ fún ìgbádùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, nínú atẹ́gùn tí eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 42 ní wákàtí kan, afárá náà yí ijó padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ bí aṣọ tí a ń fún, ó sì já bọ́ sínú omi. Kò sí ènìyàn tí ó kú. Ajá kan ni ó bá a lọ. Kármán wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti wádìí rẹ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń kọ́ ọmọ pé ààjà ni ó ń lu afárá náà ní ìlù tí ó bá ijó rẹ̀ mu. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Lílọ́ tí afárá náà ń lọ́ ni ó ń yí afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára rẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ tí ó yí padà yìí sì ń fún un ní agbára láti lọ́ sí i. Àwọn méjèèjì ń ti ara wọn, kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn dúró. Ọdún 25 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1965, afẹ́fẹ́ tún wó mẹ́ta nínú ilé ìṣọ́ mẹ́jọ tí a fi ń tu omi ní Ferrybridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Oríṣiríṣi ọgbọ́n ni wọ́n ta. Christopher Scruton àti D. E. J. Walshe ní National Physical Laboratory ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lábàá ní ọdún 1957 pé kí a yí irin pẹlẹbẹ mọ́ orí ṣímínì bí ìtàkùn ti ń yí mọ́ igi. Irin náà kì í jẹ́ kí ààjà já lẹ́ẹ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olúkúlùkù a já ní àkókò tirẹ̀, wọn kò sì lè fi ohùn ṣọ̀kan láti mi ṣímínì. Ọgbọ́n yìí wà lórí ṣímínì káàkiri ayé títí di òní. Ṣùgbọ́n ó ní ìyà tirẹ̀: afẹ́fẹ́ ń ti ṣímínì onítàkùn ju èyí tí kò ní i lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà padà sí ìmọ̀ràn Prandtl. Wọ́n la ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara apá ọkọ̀ òfúrufú kan tí a ń pè ní X-21, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1963, kí ẹ̀rọ lè máa fa ìpele tí ó ti rẹ̀ wọlé. Nígbà tí apá ọkọ̀ náà bá mọ́ tónítóní, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n eruku ń dí ihò, kòkòrò ń kú sí i, títọ́jú rẹ̀ kò sì rọrùn.

Ọ̀nà tí ó kù ni pé kí a máa wo ìṣàn náà, kí a sì máa dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó gbé igi nàró sí àtẹ́lẹwọ́ ti ń sún ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọdún 1993, K. Roussopoulos fi ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ dá ààjà lẹ́yìn òpó dúró: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ yẹ̀ sápá kan, ìró a tì í padà. Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n kìkì nígbà tí nọ́ńbà Reynolds kò tíì kọjá ibi tí ààjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ títí. Ní ọdún 1994, Choi, Moin àti Kim fi ìṣirò kọ̀ǹpútà fi hàn pé bí ara ògiri bá ń tu omi sókè níbi tí omi bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì ń fà á mu níbi tí omi bá ti ń gòkè, bí omi ti ń gbo ògiri yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ìṣòro tí ó dojú kọ gbogbo wọn kò yàtọ̀. Kí a tó lè dá omi lóhùn dáadáa, ó yẹ kí a mọ ohun tí omi yóò ṣe lẹ́yìn ìdáhùn náà. Òfin Navier àti Stokes sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ńlá lè lo wákàtí púpọ̀ láti ṣírò ohun tí omi tí ó dàrú ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ìdáhùn tó dé, omi ti lọ.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ omi ń jìjàkadì bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn tí kò bá wọn ṣe pọ̀ rárá ń tọ ọ̀nà mìíràn bọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yóò ti gbọ́ orúkọ Edward Thorndike. Ní ọdún 1898, Thorndike tẹ ìwé jáde nípa àwọn ológbò tí ó há mọ́ inú àpótí, tí oúnjẹ sì wà níta. Ológbò a fi èékánná họ ibi gbogbo, a fi orí ta, a fi ẹnu jẹ igi. Nígbà tí ó bá ṣèèṣì fa okùn tí ó yẹ, ilẹ̀kùn a ṣí. Bí wọ́n bá dá a padà, a tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Kò sí ẹni tí ó fi okùn náà hàn án. Ohun tí ó bá ti mú ìtẹ́lọ́rùn wá ni ó ń fìdí múlẹ̀, ohun tí kò bá mú un wá a sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Donald Michie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlànà ológbò yìí fún ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ní ọdún 1961, kò rí kọ̀ǹpútà lò; nítorí náà ó kó páálí ìṣáná 304 jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ipò kan nínú eré tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi òdo àti àmì ìsọdipúpọ̀ ta. Ó da ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú wọn, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ibi tí a lè ta sí. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bá bọ́ jáde ni ẹ̀rọ náà ta. Bí ó bá jáwé olúborí, a fi ìlẹ̀kẹ̀ irú èyí kún páálí; bí ó bá fìdí rẹmi, a yọ ọ́ kúrò. Kò pẹ́ púpọ̀ tí páálí ìṣáná fi di ọ̀jáfáfá ọ̀ta. Ní ọdún 1968, Michie àti Chambers lo irú ọgbọ́n yìí láti kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ti ń gbé igi nàró lórí kẹ̀kẹ́ tí ń sún. Igi tí ń fẹ́ ṣubú náà tún dé nìyí.

Ohun tí ó le jù nínú irú ẹ̀kọ́ yìí ni láti mọ ẹni tí ó ni èrè. Bí a bá jáwé olúborí ní ìrọ̀lẹ́, ṣé ìta ti ìrọ̀lẹ́ ni ó gbè wá ni, tàbí ti òwúrọ̀? Andrew Barto àti Richard Sutton ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tú okùn yìí. Àwọn àti Charles Anderson tún padà sórí igi àti kẹ̀kẹ́ náà ní ọdún 1983. Wọ́n gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2024, tí í ṣe ẹ̀bùn tí ó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni a mọ̀ sí reinforcement learning ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀kọ́ nípa àdánwò àti èrè. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tí ó kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí lu Lee Sedol, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ayò Go, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún ní Seoul ní oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn onímọ̀ omi pẹ̀lú gbé orí sókè.

Àwọn mélòó kan ti gbìyànjú rẹ̀ lórí omi ṣáájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni èyí tí Jean Rabault ti Yunifásítì Oslo ní Nọ́wè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Òpó Hiemenz ni wọ́n gbé wá, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni òpó àti omi rẹ̀ wà, nọ́ńbà Reynolds rẹ̀ sì jẹ́ 100. Wọ́n la ihò kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ òpó náà, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Bí ọ̀kan bá ń tu omi jáde, èkejì yóò máa fa iye kan náà mu. Wọ́n fi ojú sí ibi 151 nínú omi yí òpó náà ká àti lẹ́yìn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà tí a so kọ́ra lọ: ohun tí ojú 151 bá rí ni yóò wọlé fún un, iye omi tí ihò yóò tu ni yóò sì jáde. Wọn kò kọ́ ọ ní òfin Navier àti Stokes. Wọn kò sọ fún un pé ààjà ń bẹ láyé. Máàkì ni wọ́n ń fún un: bí ìfàsẹ́yìn tí omi ń fa òpó bá dín kù, máàkì a gòkè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tu omi bí ìgbà tí ọmọdé bá rí fèrè. Nígbà tí ó yá, ó kọ́. Ó kọ́kọ́ fi agbára tu omi láti já òpópó ààjà náà. Lẹ́yìn èyí, ó rọ ọwọ́, omi tí ó ń tu kò sì ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún omi tí ń bọ̀ wá bá òpó náà lọ. Pẹ̀lú ìwọ̀nba èyí, ìfàsẹ́yìn dín kù ní ìwọ̀n 8 nínú 100. Òpópó ààjà kò parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn jìnnà sí òpó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ máàkì ti wọ̀ ọ́ nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé ìfàsẹ́yìn nìkan ni a fi ń gba máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ yìí a rí ọ̀nà àbùjá. Ńṣe ni yóò máa tu omi sí apá kan ṣoṣo láìdáwọ́dúró, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìfàsẹ́yìn yóò dín kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, máàkì yóò sì ga gidigidi. Ṣùgbọ́n omi yóò máa ti òpó náà sí ẹ̀gbẹ́ kíkankíkan. Bí ó bá jẹ́ òpó afárá ni, ẹni tí ó kọ́ ọ kò ní dúpẹ́. A kò sì lè pe akẹ́kọ̀ọ́ náà ní olè. Ohun tí a ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Àwọn ará Oslo ní láti tún ètò máàkì wọn kọ: bí ìfàsẹ́yìn bá dín kù, gba máàkì; bí ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ bá pọ̀, a ó yọ nínú rẹ̀. Nígbà náà ni ó tó kọ́ èyí tí wọ́n ń fẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ti rí ọmọ tí ó há ìdáhùn ìdánwò ọdún márùn-ún sórí láìlóye ojú ewé kan yóò mọ irú àbùjá yìí dáadáa.

Nǹkan kan tún wà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè ṣe: kò lè sọ ìdí. Àwọn ènìyàn ni wọ́n yẹ omi náà wò lẹ́yìn tí ó parí, tí wọ́n rí i pé omi tí ń yí padà lẹ́yìn òpó ti gùn sí i, bí ẹni pé òpó róbótó náà ti hu ìrù bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi tí a gbẹ́ dáadáa. Ojú Prandtl àti Kármán ni wọ́n fi rí èyí. Ojú kan náà ni wọ́n fi mọ ibi tí ó yẹ kí a la ihò méjì náà sí àti ibi tí ó yẹ kí a ti máa ṣọ́ omi. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀rọ tí ń kọ́ ara rẹ̀ ti sọ ìmọ̀ àtijọ́ di aláìwúlò kò tíì wo iṣẹ́ náà dé ìdí.

Ìṣirò ni ti Oslo. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti MIT àti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà gbé e wọ inú omi gidi. Wọ́n fi òpó kéékèèké méjì tí ń yí sí ẹ̀yìn òpó ńlá kan, wọ́n ń fà á gba inú ọpọ́n omi gígùn, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa pinnu bí òpó méjèèjì yóò ti yí. Iye ìgbà tí wọ́n fà á kò ju ẹ̀wá lọ́nà mélòó kan lọ tí ẹ̀rọ náà fi rí ọ̀nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí ó dára jù tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ àdánwò wá rí dọ́gba. Níbẹ̀ náà, wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé bí a kò bá farabalẹ̀ ṣètò èrè, tí a kò sì sẹ́ ariwo kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́, kò ní kọ́ ohun rere. Ní ọdún kan náà, Beintema àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò gbé ìkòkò omi ka iná. Omi tí a ń yá ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa dákẹ́ títí tí nọ́ńbà Rayleigh, tí í ṣe ìwọ̀n bí ooru ti ń ti omi sókè, yóò fi dé 1708. Lẹ́yìn èyí, a bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí a bá ń pín ooru ìsàlẹ̀ náà pẹ̀lú ọgbọ́n àtijọ́, a lè mú un dákẹ́ dé nǹkan bí 10,000. Ẹ̀rọ tí ń kọ́ ara rẹ̀ mú un dákẹ́ dé nǹkan bí 30,000. Ọkọ̀ òfúrufú tí ń fò, tí nọ́ńbà Reynolds rẹ̀ ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, jìnnà sí gbogbo èyí.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá le jù lọ ni inú ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ fi ń wá iná irú èyí tí ń jó nínú oòrùn. Gáàsì tí a ti mú gbóná kọjá sísọ ni wọ́n ń dè mọ́ inú ilé onírin tí ó rí bí òrùka. Kò gbọdọ̀ fara kan ògiri. Agbára òòfà ni wọ́n fi gbé e dúró láàárín. Ó ń ṣàn bí omi, ó sì burú ju omi lọ, nítorí pé bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, kíá ni yóò lọ fi ara lu ògiri. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ DeepMind àti ti Swiss Plasma Center ní Lausanne tẹ̀ ẹ́ jáde pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà darí okùn òòfà 19 nínú ẹ̀rọ gidi, ó ń pàṣẹ fún wọn ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì gbé gáàsì náà dúró ní oríṣiríṣi ìrísí.

Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ láti Princeton tẹ iṣẹ́ tiwọn jáde, èyí tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀rọ DIII-D ní San Diego. Bí a bá fẹ́ kí iná náà mú agbára wá, a ní láti fún gáàsì náà pọ̀ gidigidi. Bí a bá sì fún un jù, agbára òòfà tí ó dè é a ya bí aṣọ, gáàsì a sì tú. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí ń sọ ṣáájú bóyá yíya náà ń bọ̀, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń gba máàkì bí ó bá ń fún gáàsì náà le sí i, níwọ̀n ìgbà tí ewu yíya kò bá kọjá ààlà kan; bí ewu bá kọjá ààlà, máàkì a di ìyà. Ibi tí ààlà yìí yóò wà, ìyẹn ni pé ewu mélòó ni a lè gbà nítorí agbára mélòó, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó pinnu rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ ètò máàkì náà ni wọ́n yàn án.